Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Sítíárìn Ọkọ̀ Àgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì máa ń pa á. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé ọgbà mẹkáníìkì, tí sítíárìn rẹ̀ le tàbí tí iwájú rẹ̀ ń ké, ilé ni a máa ń gbàgbé òwe náà sí. Kí mẹkáníìkì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwa tí a ni ọkọ̀ ti ní, "Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Èló ni òmíràn?" Orí ń fọ́ ọkọ̀, a ti ń wá ẹni tí yóò bẹ́ ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní kí a máa sanwó àyẹ̀wò kí a tó sanwó páàtì. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó máa ra pọ́ǹpù lé pọ́ǹpù, a ó máa bú mẹkáníìkì, sítíárìn yóò sì máa ṣe bí ewé àgbọn: kàkà kí ó dẹ̀, ńṣe ni yóò máa le sí i.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló pa ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù àti bẹ́líìtì. Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, ọkọ̀ àgbà ni púpọ̀ nínú àwọn òbí wa àti àwọn olùkọ́ wa ń wà. Tòkunbọ̀ ni à ń pè é: ó ti lo ọdún mẹ́wàá, òmíràn ti lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́hùn-ún kí ó tó la òkun wá bá wa. Owó tí bàbá tàbí ìyá ẹni bá ná sórí pọ́ǹpù tí kò ṣe nǹkan kan, inú owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ló ti ń jáde. Èkejì, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ tiwa nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá sì lè sọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń dún, ó ti bá mẹkáníìkì ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà.

Ohun tí ń bẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kí a tó lè mọ ohun tó bàjẹ́, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà tí kò tíì bàjẹ́. Ní ayé àtijọ́, agbára apá awakọ̀ nìkan ló ń yí táyà iwájú. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ rí yóò rántí bí èjìká ṣe ń ro ni lálẹ́. Ní ọdún 1926, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Francis W. Davis fi hàn pé a lè fi ọ́ìlì tí a ń fi agbára tì ran apá awakọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1951 kí ilé iṣẹ́ Chrysler tó gbé e sínú ọkọ̀ Imperial, tí àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ohun tí à ń pè ní páwà sítíárìn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ara ènìyàn. Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀. Pọ́ǹpù ni ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Họ́ọ̀sì ni iṣan. Ráàkì tí ń yí táyà ni apá tí ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn yìí kò lè dá lù fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ló ń yí i, bẹ́líìtì ló sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, púlì rẹ̀ yóò máa fa bẹ́líìtì, bẹ́líìtì yóò máa yí púlì pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù yóò fa ọ́ìlì láti inú ike tí à ń rọ ọ́ sí, yóò sì tì í gba inú họ́ọ̀sì líle lọ sí ráàkì. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń ran awakọ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni yóò gba họ́ọ̀sì mìíràn padà sínú ike. Agbára yìí kì í ṣe kékeré rárá. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju nǹkan bí 30 psi lọ, ṣùgbọ́n bí a bá yí sítíárìn dé òpin, agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì lè ju 1,000 psi lọ.

Ẹ kíyè sí i pé nǹkan márùn-ún ni mo ti dárúkọ: táyà, ọ́ìlì, bẹ́líìtì, pọ́ǹpù àti ráàkì. Èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí sítíárìn le. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé pọ́ǹpù tí owó rẹ̀ gùn ni à ń dá lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti ń fi mọ́tò oníná ṣe iṣẹ́ tí pọ́ǹpù ń ṣe. Toyota Corolla ti ọdún 2009 àti Camry ti ọdún 2012 wà lára wọn. Kò sí ọ́ìlì sítíárìn nínú wọn, kò sì sí bẹ́líìtì tí ń yí pọ́ǹpù rẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ ra ọ́ìlì sítíárìn fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ rọra béèrè ibi tí yóò rọ ọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀

Bí ọkọ̀ bá ń ké, èdè ló ń sọ. Èdè tiwa sì ní ọ̀rọ̀ ìró lọ́pọ̀lọpọ̀ tí a lè fi túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá kì í sọ pé nǹkan ń dún kí ó dákẹ́ síbẹ̀, yóò sọ bí ó ṣe ń dún. Kí ló dé tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí a óò wulẹ̀ sọ pé, "Ó ń pariwo"?

Bí ó bá ń ké fíìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ tan ọkọ̀ láàárọ̀, tàbí lẹ́yìn òjò, tàbí nígbà tí a bá yí sítíárìn dé òpin, bẹ́líìtì ló sábà máa ń jẹ́. Iṣẹ́ ti pọ̀ fún un, ó sì ń yọ̀ lórí púlì. Bí ó bá ń ké ṣíọ́-ṣíọ́ bí òròmọdìẹ, tí ó ń yára bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára, ó ṣeé ṣe kí púlì kan má tò mọ́ èkejì, tàbí kí bẹ́líìtì náà ti jẹ.

Bí ó bá ń kùn hùn-ùn bí agbo oyin, tí ìkùnsínú náà ń le sí i nígbà tí a bá ń yí sítíárìn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ bẹ́líìtì. Ọ́ìlì lè ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lè ti wọ inú rẹ̀, tàbí kí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ti gbó. Bí ó bá ń lọ̀ gìrìrì bí ọlọ, yálà à ń yí sítíárìn tàbí a kò yí i, bíárìn kan ló ń ké. Ó lè jẹ́ bíárìn pọ́ǹpù, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀tánétọ̀ tàbí ti púlì tí ń fa bẹ́líìtì le. Bí ó bá sì ń ró kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, ìdí ẹsẹ̀ táyà ni kí a wò. Ọrùn pọ́ǹpù mọ́ nínú ọ̀ràn yẹn.

Ọwọ́ pẹ̀lú ní ohun tí ó ń gbọ́. Bí sítíárìn bá le sí ọ̀tún àti sí òsì nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan, ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ díẹ̀ bí a bá tẹ iná, bẹ́líìtì tàbí pọ́ǹpù ni kí a fura sí. Bí ó bá le sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ó rọ̀ sí ìkejì, ráàkì ló yẹ kí a bi, nítorí pọ́ǹpù kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tún àti òsì. Bí a bá sì fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, tí a pa ẹ́ńjìnì, tí sítíárìn tún le lọ́wọ́ bí igi, nígbà náà a ti mọ̀ pé ìsopọ̀ kan nínú ọ̀pá sítíárìn, tàbí ráàkì, tàbí ìdí ẹsẹ̀ táyà ló ti gan. Pọ́ǹpù tuntun mẹ́wàá kò lè wo èyí sàn.

Ètò àyẹ̀wò: láti orí èyí tó pọ́ọ́kú

Àyẹ̀wò tó dára a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni ní nǹkan kan. Táyà ni kí a kọ́kọ́ wò. Táyà iwájú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ a máa mú kí sítíárìn le, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ̀ vọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni oògùn rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn táyà, ó kan ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ike ọ́ìlì sítíárìn ló ní àmì ìgbà tí ó tutù àti ìgbà tí ó gbóná lára, kí a wò ó bóyá ọ́ìlì dé ibẹ̀. Kí a sì rántí pé ọ́ìlì yìí kì í jóná bí ti ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ń dín kù, ó ń jò níbì kan. Rírọ òmíràn sí i láìwá ibi tí ó ń jò, omi inú agbọ̀n ni. Kí a wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ti dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti pẹ́ jù. Bí ó bá ń hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Bí a bá rí ohun tí ń tàn wínníwínní bí erùpẹ̀ irin nínú rẹ̀, nígbà náà ni kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í banú jẹ́ nítorí pọ́ǹpù, nítorí irin inú ẹ̀rọ náà ló ń jẹ ara rẹ̀.

Irú ọ́ìlì tí a ń rọ ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ń lo ATF, ọ́ìlì pupa tí à ń lò fún gíà tí ń yí ara rẹ̀. Honda ní ọ́ìlì sítíárìn tirẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ pé kí a má fi òmíràn dípò. Ọ́ìlì bíréèkì ni kí a má tilẹ̀ jẹ́ kí ó dé itòsí, nítorí yóò wú àwọn síìlì róbà inú ẹ̀rọ náà, yóò sì bà wọ́n jẹ́.

Bẹ́líìtì ló kàn. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ẹni. Kí a wò ó bóyá ó ti sán, bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tú, bóyá inú rẹ̀ ti ń dán bí awò, bóyá ọ́ìlì ti kán sí i. Bẹ́líìtì àtijọ́ máa ń sán kí ó tó já, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi róbà EPDM ṣe kì í tètè sán, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí táyà. Nítorí náà, àìsán kì í ṣe ẹ̀rí pé bẹ́líìtì ṣì dára. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì tí a ń fi ọwọ́ fà le, kí a fi àtàǹpàkò tẹ àárín ibi tó gùn jù láàárín púlì méjì. Bí ó bá wọlé ju nǹkan bí ìdajì ínṣì lọ, ó ti dẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń kán sórí bẹ́líìtì, kí a dí ojú ibi tí ń jò ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́líìtì tuntun yóò bá ti àtijọ́ lọ kí oṣù tó pé.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí àwọn ọ̀gá kan ń lò. Bí bẹ́líìtì bá ń ké tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, wọn a fọ́n omi díẹ̀ sí inú rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Bí ó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí ó tún bẹ̀rẹ̀, púlì ni kò tò. Bí ariwo bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ló dẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má wọ agbádá tàbí kí ó jẹ́ kí ìborùn ṣù sílẹ̀ níwájú bẹ́líìtì tí ń yí. Bẹ́líìtì kì í bẹ̀rù àgbà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí a tó bi pọ́ǹpù léèrè. Kí a yọ bẹ́líìtì, kí a fi ọwọ́ yí púlì rẹ̀. Ṣé ó ń mì? Ṣé ó ń ha ọwọ́? Ṣé ọ́ìlì ti tò sí ẹ̀yìn púlì níbi tí síìlì rẹ̀ wà? Géèjì kan tún wà tí a ń so mọ́ àárín pọ́ǹpù àti ráàkì láti fi wo agbára tí pọ́ǹpù ń tì. Ó ní kọ́ọ̀kì tí a ń tì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bíi márùn-ún lọ. Bí pọ́ǹpù bá lè ti ọ́ìlì dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí a lọ bá ráàkì. Géèjì yìí nìkan ni ẹlẹ́rìí tí kì í ṣègbè.

Róbà kékeré tí ń pa owó ńlá

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa. Honda Accord tí wọ́n ṣe fún ọdún 2003 sí 2007, èyí tí a sọ lórúkọ níhìn-ín ní "End of Discussion", a máa ní àìsàn kan bí ó bá dàgbà. Pọ́ǹpù rẹ̀ yóò máa kùn hùn-ùn, ọ́ìlì inú ike yóò máa hó, síbẹ̀ kò ní sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan nílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò búra pé pọ́ǹpù ti kú.

Lọ́pọ̀ ìgbà, pọ́ǹpù kò kú. Róbà roboto kékeré kan, tí kò tó òrùka ọwọ́, wà níbi tí họ́ọ̀sì tí ń gbé ọ́ìlì wá ti wọ pọ́ǹpù. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, róbà náà yóò gan, yóò sún kì. Nítorí pé fífà ni pọ́ǹpù ń fà níbẹ̀, kì í ṣe títì, ọ́ìlì kò ní jò síta, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ yóò pààrọ̀ róbà náà, yóò rọ ọ́ìlì tó yẹ, yóò gbé iwájú ọkọ̀ sókè láìtan ẹ́ńjìnì, yóò sì yí sítíárìn láti òpin dé òpin nígbà bí ogún kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ó tó wá tan ọkọ̀. Owó róbà yẹn kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọ iṣẹ́ méjì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò lọ sí Ládìípọ̀ ní Èkó tàbí Gate ní Ìbàdàn, yóò gbé pọ́ǹpù tòkunbọ̀ mìíràn wá, yóò sì fi róbà àtijọ́ kan náà dè é. Ọkọ̀ yóò tún máa kùn, wọn yóò sì ní pọ́ǹpù tí wọ́n rà náà kò dára.

Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀?

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yà nìyí. Àṣà wa ni pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a ó ní olè ni àwọn mẹkáníìkì. N kò sọ pé kò sí olè láàárín wọn. Kò sí iṣẹ́ tí kò sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òtítọ́ inú bi ara wa: ta ni ó ti sanwó fún mẹkáníìkì rí nítorí pé ó wo ọkọ̀ fún wákàtí kan, tí ó sì sọ pé pọ́ǹpù kò ṣe nǹkan kan? Bí ó bá ní, "Alàgbà, kílíìpù họ́ọ̀sì ló dẹ̀, mo ti fún un," ṣé a kò ní rẹ́rìn-ín, kí a ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé o, Olúwa á bù kún yín," kí a sì wakọ̀ lọ? Ẹni tó fi ọgbọ́n gbà wá lọ́wọ́ ìnáwó, àdúrà ni a fi ń san tirẹ̀. Ẹni tó bá wa ra pọ́ǹpù, owó ni a ń kà fún. Kí ni a wá ń kọ́ wọn?

A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ní ilé ìwòsàn, a ń sanwó káàdì, a ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí dókítà tó kọ oògùn. Lọ́dọ̀ babaláwo pàápàá, ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò a máa fi owó lélẹ̀ kí Ifá tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó dárúkọ ẹbọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ojú tí ń ríran tó ohun tí à ń sanwó fún. Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni a ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni ojú, páàtì nìkan ni ó lówó lórí. Ẹni tí kò rówó lórí wíwò yóò wá a lórí pípààrọ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bá: àwa tí a kọ̀ láti sanwó àyẹ̀wò ni à ń sanwó pọ́ǹpù méjì.

Àwọn kan yóò ní, "Mẹkáníìkì wa kò ní géèjì, kí ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò?" Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kò ní in. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ ka ètò tí mo là sílẹ̀ lókè. Ojú, etí, àtàǹpàkò àti omi díẹ̀ ló ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Géèjì sì ni ohun tí gbogbo ọgbà mẹkáníìkì lè dáwó jọ ra ẹyọ kan, tí wọn yóò máa yá ara wọn lò. Bí àyẹ̀wò bá lówó lórí, kò ní pẹ́ tí géèjì náà yóò fi pa owó ara rẹ̀.

Kì í ṣe owó nìkan

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni èyí, kí ó tún un rò. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ lójijì, sítíárìn kò ní já, nítorí irin ṣì so ó mọ́ táyà, ṣùgbọ́n yóò le lójijì. Ẹ ro ìyá àgbà kan tí ó ń yà ní kọ́nà, tí sítíárìn rọ̀ bí òwú tẹ́lẹ̀, tí ó wá gan mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àárín ọ̀nà. Ọ́ìlì sítíárìn tí ń jò sórí ẹgusọ́ọ̀sì gbígbóná lè gbiná pẹ̀lú.

Bẹ́líìtì náà ní ewu tirẹ̀. Nínú Camry olójú mẹ́rin ti ọdún 1997 sí 2001, bẹ́líìtì ọ̀tọ̀ ló ń yí pọ́ǹpù sítíárìn. Bí ó bá já, sítíárìn yóò le, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè gbé ni dé ilé. Nínú Camry olójú mẹ́rin ti ọdún 2002 sí 2006, tí à ń pè ní "Big Daddy", bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo ló ń yí pọ́ǹpù sítíárìn, ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti pọ́ǹpù omi. Bí ó bá já, sítíárìn yóò le, iná bátìrì yóò tàn, omi kò ní yí ká ẹ́ńjìnì mọ́. Ẹni tó bá ní òun kàn fẹ́ fi apá fà á délé yóò jó ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ó tó dé. Ariwo fíìn-ín tí a kò kà sí láàárọ̀ ti di ẹ́ńjìnì tuntun lálẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe

Mo fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ọkọ̀ òbí wa bá ń ké, kí a jókòó tì wọ́n, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa: bí ó ṣe ń dún, ìgbà tí ó ń dún, ọ̀tún tàbí òsì, nígbà tí ó tutù tàbí nígbà tí ó gbóná. Kí ìwé yẹn bá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kí a sọ fún ọ̀gá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ná. Owó àyẹ̀wò yín wà lọ́tọ̀, yálà ẹ pààrọ̀ nǹkan kan tàbí ẹ kò pààrọ̀." Ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe là. Bí ó bá sì di dandan kí a pààrọ̀ páàtì, kí a gba ti àtijọ́ padà, kí ó sì fi ibi tí ó ti bàjẹ́ hàn wá. Kí a má sì jẹ́ kí ó de pọ́ǹpù tuntun láìfọ ọ́ìlì ẹlẹ́gbin kúrò nínú họ́ọ̀sì àti ike, nítorí ẹ̀gbin tó pa bàbá yóò pa ọmọ.

Fún àwọn ẹgbẹ́ wa tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí a jọ kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lè kà ní èdè Yorùbá, tí yóò ka ìró kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó lè fà á. Ẹ̀yin ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwa ní ọ̀rọ̀, àwọn ọ̀gá inú ọgbà sì ní ìrírí ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, àǹfààní rẹ̀ yóò kárí.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀ jù báyìí lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Sítíárìn pàápàá mọ òwe náà. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó bẹ́ ẹ lórí, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tó bá yín bi í. Ọ̀nà á là o.